Bí A Ti Ń Wo Àwòrán Pẹ́ńsù Nípa Ìdílé Òṣìṣẹ́

Ìyìn tí àwòrán pẹ́ńsù máa ń kọ́kọ́ gbà lẹ́nu òǹwòran ni pé ó jọ fọ́tò. Èmi tí mo ń fi àwòrán yíyà ṣe iṣẹ́ kì í ka ìyìn yìí sí bàbàrà, nítorí pé gbogbo ohun tí ó bá wà níwájú kámẹ́rà ni kámẹ́rà ń gbé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú pẹ́ńsù lọ́wọ́ ń pinnu, láti ìlà dé ìlà, ohun tí yóò fi hàn àti ohun tí yóò fi sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwòrán ìyá tí ń lẹ aṣọ, bàbá tí oorun gbé lọ pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, tàbí àwọn ọmọ tí wọ́n fún mọ́ra lórí ibùsùn kan ṣoṣo, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ayàwòrán ti tẹ ọwọ́ mọ́ pépà àti ibi tí kò fọwọ́ kàn rárá.

Gírafáìtì, ohun dúdú tí ń dán, tí a pò mọ́ amọ̀ ni ó wà nínú pẹ́ńsù, gẹ́gẹ́ bí Nicolas-Jacques Conté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1795. Bí amọ̀ bá ti pọ̀ sí i ni pẹ́ńsù ń le sí i, tí ìlà rẹ̀ kò sì dúdú púpọ̀. Lẹ́tà H ni a fi ń dá irú èyí mọ̀, B sì ni ti èyí tí ó rọ̀ tí ó sì dúdú. Kò sí èyí tí ó ní funfun nínú. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ rí ní iwájú orí ọmọ kì í ṣe ohun mìíràn ju pépà tí a dá sí, tàbí tí a fi rọ́bà wá padà.

Ọwọ́ ni èmi máa ń wò kí n tó wo ojú. Ayàwòrán tí kò fara balẹ̀ a máa fún gbogbo ènìyàn ní ọwọ́ kan náà, tí ó jọ̀lọ̀, tí kò sì ní ìtàn. Ẹni tí ó fojú sílẹ̀ yóò fi oríkèé tí ó wú àti èékánná tí ó ti jẹ hàn. Bákan náà, bí obìnrin bá gbé ọmọ tí ó ti sùn, èjìká rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ síhà kan. Bí èjìká méjèèjì bá dọ́gba, ọmọ náà kò wúwo, irọ́ sì ni àwòrán náà ń pa, bí ó ti wù kí ojú tí a yà sínú rẹ̀ rẹwà tó.

Nígbà tí Vincent van Gogh, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ń gbé ní ìlú The Hague ní ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1882 àti 1883, pẹ́ńsù àwọn káfíńtà, tí ó nípọn, ni ó ń lò púpọ̀. Ó ń gbé pẹ̀lú Sien Hoornik, obìnrin tálákà kan, àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ń yà wọ́n nínú ilé. Van Gogh máa ń da mílíìkì sórí àwòrán kí dídán gírafáìtì lè kú, kí dúdú rẹ̀ sì jinlẹ̀.

Ní Berlin, Käthe Kollwitz, obìnrin ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fẹ́ dókítà tí ń tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́, nítorí náà àwọn obìnrin tí ó ń yà kò jìnnà sí i. Èédú ni ó lò ju pẹ́ńsù lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan pẹ́ńsù pẹ̀lú: ó sábà máa ń fi àyè tí ó wà lẹ́yìn àwọn ènìyàn inú àwòrán sílẹ̀ lófìfo, kí ara ènìyàn nìkan lè gbé ọ̀rọ̀ náà. Àánú tí a fi tipátipá fà jáde ni mo kórìíra jù nínú irú iṣẹ́ yìí. Ìdílé òṣìṣẹ́ a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n a máa jà, wọ́n a sì máa ya irun ara wọn. Àwòrán tí omijé wà lójú gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ kò tíì wo wọn dáadáa.

Bí ẹ bá dúró níwájú àwòrán gan-an, ẹ yí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí pé gírafáìtì ń dán, iná tí ó bá kọjú sí i tààrà a sì máa bo dúdú rẹ̀. Lórí fóònù, ẹ fẹ ibi ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé lójú: ọmọ kì í jókòó jẹ́ẹ́, ẹ ó sì sábà rí ìlà àkọ́kọ́ lábẹ́ èkejì, níbi tí ẹsẹ̀ náà wà kí ó tó sún un.