Tí ráìmù bá le jù nínú orin Yorùbá, kí la máa ń ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mò ń kọ orin kan, láìnì àkọ́kọ́ parí sí "yẹn", látàárọ̀ ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tó máa bá a mu, mi ò rí. Àbí Yorùbá ò ní ráìmù ni?

Ìdáhùn: Ó ní o, ó tiẹ̀ pọ̀ jù. Fáwẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ wa ń parí sí, 7 péré sì ni èyí tí a kì í ránmú pè. Àmọ́ "ẹn" tó wà níparí "yẹn" yẹn, ọ̀rọ̀ tó ń lò ó ò pọ̀ rárá, ìdí nìyẹn tórí ẹ fi ń gbóná. Má wá a mọ́ jàre. Tì í sí àárín láìnì, kó o jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó rọrùn jókòó sí ìparí:

Mo rí ọmọ yẹn nídìí ọkọ̀,
Mo ní kó dúró gbọ́, ṣe ló kọ̀.

Ìbéèrè: Tí mo bá fi "ọkọ́" tí wọ́n fi ń roko bá "ọkọ̀" mu ńkọ́? Lẹ́tà kan náà ṣáà ni.

Ìdáhùn: Lẹ́tà kọ́ letí ń gbọ́, ohùn ni. Ìkan wálẹ̀, ìkan gòkè, o lè fi dápàárá, àwọn baba wa tó ń kéwì fẹ́ràn irú ẹ̀ gan-an, àmọ́ kì í ṣe ráìmù tó jókòó dáadáa. Èyí tó tún burú ni kí ohùn orin ẹ fa ọ̀rọ̀ lọ sókè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀, kí "ọkọ̀" di "ọkọ́" lẹ́nu ẹ. Ohun tó ṣe ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ohùn òyìnbó ni wọ́n fi gbé e, ọ̀rọ̀ wá ń di nǹkan míì, kó tó di pé àwọn bíi Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ l'Ékòó ní 1914, ń kọ orin tó tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Torí náà, kọ́kọ́ sọ láìnì méjèèjì lẹ́nu lásán, láìsí bíìtì, kó o gbọ́ bóyá wọ́n bára wọn mu.

Ìbéèrè: "Ìbàdàn" ńkọ́? "Idán" nìkan ló ń wá sí mi lọ́kàn.

Ìdáhùn: Ohùn "idán" ò bá a mu. Gbàgbé sípẹ́lì. "An" àti "ọn", ìkan náà ni lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, ìwé ló yà wọ́n, torí náà ìtàn, èèyàn, ọ̀ràn, títí dé àwọ̀n tí wọ́n fi ń pẹja, gbogbo ẹ̀ ló bá Ìbàdàn mu. Èmi á mú àwọ̀n, torí kò sẹ́ni tó máa retí ẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀rọ̀ òyìnbó wá ńkọ́?

Ìdáhùn: Bí wọ́n ṣe ń pè é ládùúgbò ẹ ni kó o ṣe lò ó:

Mo sáré débẹ̀, mo mú tíkẹ́ẹ̀tì,
Kí n tó wọlé, ilẹ̀kùn ti tì.

Tó ò bá tún rí, so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. "Yá owó" á di "yáwó", ìyẹn á bá "ìyàwó" mu: mo fẹ́ gbéyàwó, mo lọ yáwó. Àmọ́ má ṣe irú ẹ̀ ní gbogbo láìnì o, kíá ló máa ń súni.