Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bí àbá nípa ìrònú ẹ̀dá

A fi àwòrán kan hàn ọ́, a gbé e kúrò, a ní kó o dúró díẹ̀. A wá gbé àwòrán méjì síwájú rẹ: èwo lo rí lẹ́ẹ̀kan? Ìdáhùn rọrùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú orí rẹ kó o tó nàka sí i ni kò tíì yé ẹnikẹ́ni tán. Ṣé o wo méjèèjì ni, àbí o ti yan ọ̀kan láìwo èkejì?

Ní ọdún 2007, olùwádìí méjì, Enrique Frias-Martinez àti Fernand Gobet, tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ti fa irú ìbéèrè yìí lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ọgbọ́n tí wọ́n lò ò ṣàjèjì sí àgbẹ̀: yan àgbàdo tó dára jù, gbìn ín, tún yan nínú ọmọ rẹ̀. John Holland, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti kọ̀wé lórí irú ọgbọ́n yìí nínú kọ̀ǹpútà ní 1975. Ìwé John Koza ní 1992 ló jẹ́ kó gbilẹ̀ pé odidi ètò kọ̀ǹpútà ló ṣeé sìn bẹ́ẹ̀.

Olùwádìí á kọ́kọ́ to èèlò sílẹ̀, ìyẹn àwọn ìgbésẹ̀ kéékèèké: wo àwòrán, fi í sí iyè, dúró, fi méjì wéra, yàn. Kọ̀ǹpútà á ṣà wọ́n pọ̀ wúruwùru di ọ̀pọ̀ ètò. Pàǹtírí ló pọ̀ jù nínú wọn o. Òmíràn á ti dáhùn kí wọ́n tó fi nǹkan kan hàn án. Wọ́n á wá fi iye ìdáhùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà àti àkókò tó lò wé ti ènìyàn gidi. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń ṣì í gbọ́: kì í ṣe ètò tó gbọ́n jù ló ń borí. Bí ènìyàn bá ń ṣì í lẹ́ẹ̀márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ètò tí kò ṣì í rárá ti fìdí rẹmi. Èyí tó ṣe bí ọmọ aráyé ni wọ́n ń wá, tòun ti àṣìṣe rẹ̀.

Àwọn tó bá yege, wọ́n á gé apá ọ̀kan lẹ̀ mọ́ òmíràn, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, ìran á máa rọ́pò ìran. Ètò tó kù níkẹyìn, àbá ni: ó ń sọ ohun tí ọpọlọ lè máa kọ́kọ́ ṣe, àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Ètò a máa sanra lásán, á máa gbé ìgbésẹ̀ tí kò wúlò kiri, àfi kéèyàn gé e kù. Nígbà mìíràn, ètò tí kò jọra rárá á bá ìṣesí ènìyàn mu dọ́gba-dọ́gba. Èmi fẹ́ràn ìyẹn, torí àwa ènìyàn kì í fẹ́ fi àbá àkọ́kọ́ tó wá sí wa lọ́kàn sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò ní ọmọ àyànfẹ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn náà ló to àwọn èèlò ọ̀hún. Bí ohun kan bá wà tí ọpọlọ ń ṣe tí kò sí láàárín wọn, kọ̀ǹpútà lè bímọ dé ẹgbẹ̀rún ìran, kò ní bí i.