Òkúta Iyebíye Inú Kọ̀ǹpútà: Mímọ́ Gaara Nìkan Kọ́ Ló Ń Mú Un Dán

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ló gbà pé, níwọ̀n ìgbà tí òkúta iyebíye ti mọ́ gaara, kò sí iṣẹ́ mìíràn lára rẹ̀ ju pé kí a dín àwọ̀ rẹ̀ kù títí a ó fi máa rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn a lọ síbi tí wọ́n kọ Alpha sí, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí àwọ̀ nǹkan ṣe ki tó, wọn a fà á wálẹ̀ láti 1 sí 0.2, wọn a sì máa retí dáyámọ́ǹdì. Ohun tó máa ń jáde jọ láílọ́ọ̀nù: ó hàn fírífírí, kò dán, kò sì ní ìwúwo lójú. Alpha kì í tẹ ìmọ́lẹ̀ rárá. Àwọ̀ ohun tó wà níwájú ló kàn ń pò mọ́ ti ẹ̀yìn.

Dáyámọ́ǹdì gidi kì í fi ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn wá. Ẹ gbé èyí tí wọ́n gé dáadáa sórí ìwé, kí ẹ sì wò ó láti òkè: ẹ kò ní lè ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìdí ni pé ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ máa ń tẹ̀ gidigidi. Nọ́ńbà tí a fi ń wọn títẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n ń kọ ní IOR, jẹ́ nǹkan bí 1.33 fún omi, 1.5 fún gíláàsì, 1.77 fún rúbì àti sàfáyà, àti 2.42 fún dáyámọ́ǹdì. Bí ó bá ṣe ga tó ni ó ṣe máa ń nira tó fún ìmọ́lẹ̀ láti jáde. Nínú dáyámọ́ǹdì, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ìlà tó dúró ṣánṣán sí ojú òkúta, ìtànṣán tó bá ti fì sí ẹ̀gbẹ́ ju digirì 24.4 lọ kò ní rí ọ̀nà jáde. Ṣe ni yóò ta padà sínú. Nínú gíláàsì, ó di nǹkan bíi digirì 42 kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Báyìí ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta láti ojú kan sí òmíràn, títí yóò fi gba òkè jáde padà wá bá ẹni tó ń wò ó. Nítorí àtigba ìmọ́lẹ̀ yìí padà ni Marcel Tolkowsky, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Belgium, ṣe ṣírò igun tó yẹ kí a fi máa gé dáyámọ́ǹdì ní ọdún 1919.

Síbẹ̀, mo ti rí òkúta inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fún ní IOR 2.42 tó tọ́, tí inú rẹ̀ sì dúdú káàkiri. Ẹni tó ṣe é ní kí ìtànṣán máa ta ní ìgbà mẹ́rin péré. Níbi tí kọ̀ǹpútà bá sì ti dá ìtànṣán dúró lójú ọ̀nà, dúdú ló máa ń fi síbẹ̀. Ní tèmi, n kì í lọ sísàlẹ̀ ìgbà 16. Àwọn ojú òkúta náà gbọ́dọ̀ pẹlẹbẹ pẹ̀lú: ẹni tó bá lo Shade Smooth, èyí tó ń mú kí ojú nǹkan dà bí èyí tí kò ní igun, ti ba gbogbo igun wọ̀nyẹn jẹ́. Àwọ̀ pupa rúbì náà kì í ṣe ọ̀dà ojú rẹ̀, nítorí inú òkúta ni ìmọ́lẹ̀ ti ń gba àwọ̀, tó fi jẹ́ pé ibi tó nípọn a máa pupa ju etí rẹ̀ lọ.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù ni àyíká. Ìmọ́lẹ̀ tó wà níta ni òkúta ń dá padà, nítorí náà, bí gbogbo àyíká rẹ̀ bá funfun bákan náà, kò ní sí ohun tí yóò ya ojú kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹ fi iná kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta tó mọ́lẹ̀ kedere sí i lókè, kí ẹ sì gbé pátákó dúdú kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ ó rí i tí etí ojú kọ̀ọ̀kan yóò yọ.