Ṣé àwa ọmọ Nàìjíríà ni kò mọ ìlà tò, àbí ilẹ̀kùn ni kò gba èrò? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2022, èrò fún ara wọn pọ̀ ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn O2 Academy ní Brixton, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Asake ti ń kọrin, ẹ̀mí méjì sì bá a lọ. Láti ìgbà náà, kò sí olórin wa tó kéde pé òun ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí àríyànjiyàn kan náà kì í tún gbérí: ṣé ìwà wa ni, àbí nǹkan mìíràn ni? Àwa fúnra wa la sì máa ń kọ́kọ́ na ìka sí ara wa. Àwọn ìbéèrè tó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú nìyí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Brixton gan-an?

Alẹ́ kẹta nínú alẹ́ mẹ́ta tí Asake fi ṣeré níbẹ̀ ni, tíkẹ́ẹ̀tì sì ti tán pátápátá. Gbọ̀ngàn náà kò gbà tó 5,000 ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ní, àwọn ọlọ́pàá sì sọ pé èrò púpọ̀ gbìyànjú láti fi agbára wọlé. Wọ́n dá eré náà dúró láìtíì parí, obìnrin kan tó wá wòran àti ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ṣọ́ sì kú láàárín ọjọ́ mélòó kan sí i. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, BBC gbé ìròyìn kan jáde, nínú èyí tí ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ti sọ pé àwọn kan lára ẹlẹgbẹ́ òun máa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n lè jẹ́ kó wọlé.

Ìjọba ìbílẹ̀ Lambeth gbẹ́sẹ̀ lé ìwé àṣẹ gbọ̀ngàn náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n ní ó lè ṣí padà bí ó bá tẹ̀lé ìlànà 77, ó sì ṣí ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni ilẹ̀kùn tó lágbára sí i, ètò tuntun fún dídarí èrò, àti ètò tíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Ẹ kíyè sí i pé ilẹ̀kùn ni wọ́n ní kí wọ́n tún ṣe.

Ṣé òótọ́ ni pé èrò sáré tẹ ara wọn pa?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Bí a bá gbọ́ pé èrò tẹ ara wọn pa, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni agbo màlúù tó já, tó ń sáré gìrìgìrì. Nínú ọ̀pọ̀ ìjàmbá irú èyí, kò sí ẹni tó lè sáré, nítorí pé kò sí àyè láti gbé ẹsẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá dúró sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, wọ́n ṣì lè yí ara padà. Bí wọ́n bá di mẹ́fà tàbí méje, ara ti lẹ̀ mọ́ ara, èrò náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì síwá bì sẹ́yìn bí omi òkun, débi pé ẹni tó wà láàárín lè rí i pé ẹsẹ̀ òun ti kúrò nílẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé òun lọ síbi tí òun kò fẹ́ lọ.

Àyà ló ń jìyà jù. Kí ènìyàn tó lè mí, egungun ìhà rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí àyè fẹ̀. Bí wọ́n bá fún un mọ́ iwájú, tí wọ́n tún fún un mọ́ ẹ̀yìn, èémí kò ní wọlé mọ́, ó sì lè kú lórí ìdúró. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá, tó ń sún díẹ̀díẹ̀, kò mọ̀ rárá pé ẹnikẹ́ni ń kú níwájú. Lójú tirẹ̀, ìlà ló ń lọ.

Ṣé àwa nìkan la máa ń fẹ́ wọlé láìra tíkẹ́ẹ̀tì?

Inú mi dùn pé ẹ béèrè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1969, àwọn tó ṣètò àjọ̀dún orin Woodstock ní ìpínlẹ̀ New York ti ta tíkẹ́ẹ̀tì tó lé ní 180,000, ṣùgbọ́n nǹkan bí 400,000 ènìyàn ló ya dé. Wọ́n wó ọgbà lulẹ̀, àwọn tó ṣètò rẹ̀ sì kéde pé ọ̀fẹ́ ni. Lónìí, ìtàn ìfẹ́ àti àlàáfíà ni wọ́n ń fi èyí pa fún ọmọ wọn.

Ẹ jẹ́ ká sọdá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àjọ̀dún orin Glastonbury ní ọdún 2000, wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 100,000 ènìyàn ló fo ọgbà wọlé láìsan kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọn kò ṣe àjọ̀dún náà ní ọdún 2001. Ìgbà tí wọ́n sì padà ní 2002, ọgbà onírin gàgàrà kan ni wọ́n fi yí gbogbo oko náà ká. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2021, nígbà tí England àti Italy ń gbá àṣekágbá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù ní Wembley, nǹkan bí 2,000 ènìyàn já wọlé láìní tíkẹ́ẹ̀tì, ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà sì sọ pé díẹ̀ ló kù kí ẹ̀mí ṣòfò níbẹ̀. Wọ́n pe àwọn wọ̀nyẹn ní ọ̀mùtí àti aláìníjàánu, èyí tí ó tọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n n kò tíì pàdé ẹni tó sọ pé fífo ọgbà wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn ará Japan àti Jámánì ńkọ́? Ṣé wọn kò mọ ètò jù wá lọ ni?

Wọ́n mọ̀ ọ́n, kò sì gbà wọ́n. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 2001, àwọn ará ìlú Akashi ní Japan, orílẹ̀-èdè tí gbogbo ayé ń fi ìlà títò yìn, lọ wo iná àràbarà tí wọ́n yìn sójú ọ̀run ní etíkun. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan ló so ibùdókọ̀ ojú irin mọ́ etíkun náà. Àwọn tó ń padà sílé àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé pàdé ara wọn ní orí àtẹ̀gùn tó fún ju afárá náà lọ, ènìyàn 11 sì kú, tí mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ẹ̀kọ́ ilé kì í mú kí àtẹ̀gùn fẹ̀ sí i.

Ní Duisburg ní Jámánì, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2010, ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ni èrò gbọ́dọ̀ gbà dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tó já sí ibi àjọ̀dún orin Love Parade, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ní kí àwọn tó ń jáde gbà. Ènìyàn 21 ló kú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún sì fara pa. Ẹjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2017, ó sì parí ní 2020 láìsí ìdájọ́ kankan. Wọn kò ṣe Love Parade mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ta ló máa ń kọ́kọ́ sọ pé "ìwà wọn ni"?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Màá ṣàlàyé èyí dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo kàn ń gbèjà tiwa.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1989, Liverpool àti Nottingham Forest fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Hillsborough ní Sheffield. Èrò Liverpool ti pọ̀ jù ní ìta, níbi tí ẹnu ọ̀nà kò ti tó nǹkan. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó wà nídìí ètò náà pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí géètì ńlá kan, kò sì ní kí wọ́n dí ọ̀nà tó lọ sí àárín, níbi tí àwọn òǹwòran ti kún fọ́fọ́ láàárín ọgbà onírin tó yí wọn ká. Èrò tuntun gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n sì fún àwọn tó wà níwájú mọ́ irin. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀gá náà ti sọ fún àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù pé àwọn olólùfẹ́ Liverpool ló já géètì. Irọ́ ni, ó sì padà jẹ́wọ́ rẹ̀ ní 2015. Kíákíá ni àwọn oníwèé ìròyìn ti gbé e pé ọ̀mùtí ni wọ́n, pé wọ́n ń jí owó lápò òkú. Ó rọrùn láti gbà á gbọ́, nítorí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn tó pọ̀ nílẹ̀ nípa ará Liverpool tẹ́lẹ̀. Ọdún 27 kọjá kí àwọn ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ tó sọ ní 2016 pé àwọn òǹwòran kò jẹ̀bi, pé àìbìkítà àwọn aláṣẹ ló pa àwọn tó kú. Àwọn tí ìjàmbá náà pa ti di 97 báyìí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe èyí sí, ní ilẹ̀ wọn, ní èdè wọn. Bí ó bá wá di ti àlejò aláwọ̀ dúdú tó ń kọ orin ní èdè Yorùbá, ẹ fojú inú wo bí irọ́ náà yóò ti yá tó.

Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé àṣà wa kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ rárá?

Rárá o. Ẹni tó bá ti lọ òde ọ̀wàǹbẹ̀ rí mọ mo-gbọ́-mo-yà. Kò sí ẹni tó pè é, ṣùgbọ́n ó ti wọ aṣọ tó jọ aṣọ ẹbí, ó ti jókòó, ó sì ti ní kí wọ́n fi pọ̀nmọ́ kún ẹran òun. Bí wọ́n bá bi í, á ní òun ni àbúrò ìyàwó. Ta ló máa lé e? Ìtìjú ni fún olówó òde pé kí wọ́n lé ènìyàn kúrò nídìí oúnjẹ. Bí èrò bá pọ̀ jù, wọ́n á ya àga láti ilé kejì, wọ́n á sì na àtíbàbà kan sí i sójú títì.

Àṣà yìí kò pa ènìyàn nílé, nítorí pé àtíbàbà kò ní ògiri: ẹni tí àyè bá há mọ́ yóò kàn bọ́ sí ìta ni. Gbọ̀ngàn Lọ́ńdọ̀nù ní ògiri, ó ní ilẹ̀kùn onírin, iye tó sì lè gbà kò lè fi ẹyọ kan lé. Bí a bá gbé mo-gbọ́-mo-yà lọ síbẹ̀ láìyí i padà, ewu ni. Bẹ́ẹ̀ ni ti àìtètèdé. Bí gbogbo ènìyàn bá ti mọ̀ pé aago mẹ́jọ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ń túmọ̀ sí aago mẹ́wàá, aago mẹ́wàá ni gbogbo wọn yóò jọ dé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Olórin tó bá ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ dé pín nínú ẹ̀bi yẹn.

Ti àwọn ọmọ wa ní Ìbàdàn ńkọ́?

Ìyẹn kì í ṣe òde orin, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kan náà ló jọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 kú ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Bashọ̀run, níbi tí wọ́n ti ṣèlérí owó àti ẹ̀bùn fún àwọn ọmọdé. Àwọn kan sọ pé ojú kòkòrò ni. Ebi ni, pẹ̀lú géètì tí kò gba iye tó wá.

Ṣé kò ní di pé wọn kò ní gba olórin wa láyè ní Lọ́ńdọ̀nù mọ́?

Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Burna Boy kọrin ní London Stadium, tó jẹ́ pápá ńlá tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Asake fúnra rẹ̀ padà wá mú èrò kún gbọ̀ngàn The O2, tó tóbi ju ti Brixton lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, wọ́n sì jó tán, wọ́n lọ sílé. Èrò kan náà ni, ilẹ̀kùn ló yàtọ̀.

Ohun tó yẹ kí a máa ṣọ́ wà nínú ìwé. Láti ọdún 2005, àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní Form 696, tí àwọn tó ń ṣètò eré orin ń kún. Ó ń béèrè irú orin tí wọn yóò lù, ó sì kọ́kọ́ ń béèrè irú ẹ̀yà tí àwọn tó ń bọ̀ jẹ́. Wọ́n yọ ìbéèrè ẹ̀yà náà kúrò nígbà tó yá, wọ́n sì pa gbogbo fọ́ọ̀mù náà rẹ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017. Bí irú rẹ̀ bá tún fẹ́ yọjú ní orúkọ mìíràn, àwíjàre tí wọn yóò lò ni ọ̀rọ̀ tí àwa fúnra wa ń sọ pé "bí a ṣe rí nìyẹn".

Kí ni kí n ṣe bí èrò bá ká mi mọ́?

Ẹ má dúró dìgbà tí èémí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í há. Bí ẹ bá rí i pé ara àwọn ènìyàn ti ń kan yín ní ọ̀tún, ní òsì, níwájú àti lẹ́yìn, àkókò tó láti kúrò níbẹ̀. Bí ó bá ti pẹ́ jù, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì síwájú àyà bí abẹ̀ṣẹ́, kí egungun ìhà lè rí àyè. Ẹ má fi agbára ta ko ìbìlù èrò. Bí ó bá rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ rọra fi ẹ̀gbẹ́ sún sí ìta. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti mú fóònù tó bọ́. Ẹ má fi ariwo ṣòfò èémí. Bí ẹnìkan bá ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ gbé e dìde kíákíá, nítorí pé ibi tó bá ṣubú sí ni ẹlòmíràn yóò ṣubú lé.

Ṣé mo lè lọ láìní tíkẹ́ẹ̀tì, bóyá ọ̀nà á là?

Rárá.

Ọmọ mi ní òun fẹ́ lọ wo eré ní oṣù Kejìlá. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ ní kó fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn yín. Ẹ ní kó tètè lọ, kó sì wá ọ̀nà àbájáde méjì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibi tí ènìyàn gbà wọlé ni gbogbo wọn máa ń fẹ́ gbà jáde. Kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹnu kò sí ibì kan tí wọn yóò ti pàdé níta, torí pé fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ láàárín èrò tó pọ̀ tó yẹn. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà, tó sì rí i pé ìlà ti di agbo, kó padà sílé. Owó tíkẹ́ẹ̀tì náà á dùn ún wọra. Kí ẹ̀yin ṣáà ṣe bí ẹni tí kò mọ iye tó san.