Ṣé ìtọ̀ á máa jò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prostate?

Ìbéèrè tí àwọn bàbá máa ń rọra bi mí nígbà tí ìyàwó wọn bá ti jáde nìyí: "Dókítà, ṣé mi ò ní máa tọ̀ sára báyìí?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wá kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà o, àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tá a máa ń wò.

Iṣan méjì ló ń sé ìtọ̀ mọ́ ọkùnrin nínú. Tí wọ́n bá yọ prostate, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, torí jẹjẹrẹ, wọ́n sábà máa ń yọ iṣan ti òkè mọ́ ọn, ti ìsàlẹ̀ á wá ku òun nìkan, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń jò tá a bá yọ rọ́bà ìtọ̀ tá a fi sí wọn lára nígbà iṣẹ́ abẹ kí ìtọ̀ lè máa gbabẹ̀ jáde, pàápàá tí wọ́n bá wúkọ́, tí wọ́n sín tàbí tí wọ́n dìde lórí àga. Kó tó pé ọdún kan, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń gbẹ.

Ta ló máa pẹ́ kó tó gbẹ? MRI, ìyẹn àwòrán inú ara, ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, mo máa ń wọn bí ibi tí ọ̀nà ìtọ̀ ti gba àárín iṣan ìsàlẹ̀ yẹn kọjá ṣe gùn tó. Bíi 14 mm ló máa ń jẹ́ lára ọ̀pọ̀ èèyàn, bó bá ṣe gùn tó lọkàn mi ṣe ń balẹ̀ tó. Ọjọ́ orí náà wà ńbẹ̀, ara sísanra, ìtọ̀ tó ti ń yọni lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ṣe abẹ náà ń kó ipa tó pọ̀, ẹ má tijú, ẹ bi í pé mélòó ló ti ṣe.

Lẹ́yìn tá a bá yọ rọ́bà, ẹ fi páàdì gbígbẹ, èyí tẹ́ ẹ máa fi gba ìtọ̀ tó ń jò, sórí ìwọ̀n, kẹ́ ẹ wá wọn gbogbo èyí tẹ́ ẹ lò láàárín wákàtí 24, kẹ́ ẹ yọ ìwúwo wọn nígbà tí wọ́n gbẹ kúrò nínú rẹ̀. Gíráàmù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mìlílítà ìtọ̀ kan. Tó bá kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń yá.

Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá iṣan ìsàlẹ̀ yẹn kó tó dọjọ́ iṣẹ́ abẹ: ẹ fún un bí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ dá ìtọ̀ dúró, ẹ má fún ìdí, ẹ má sé èémí. Tó bá wá pé ọdún kan tó ṣì ń jò gan-an, iṣẹ́ abẹ mìíràn wà, a lè fi okùn gbé ọ̀nà ìtọ̀ sókè tàbí ká fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú tẹ́ ẹ máa fọwọ́ tẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ̀.