Ibi tí ọ̀rọ̀ ojú inú àti ìwà tó tọ́ ti ṣẹ̀ wá

Ojú inú níbí ni ohun tá a fi ń rí i tààrà pé ìwà kan tọ́ tàbí kò tọ́, láìkọ́kọ́ wá ẹ̀rí; ó pẹ́ táwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ti ń jiyàn lórí rẹ̀. Ọdún 1651 ni ìwé Leviathan tí ọ̀kan nínú wọn, Thomas Hobbes, kọ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó sọ níbẹ̀ bí ọ̀pọ̀ nínú: níbi tí kò bá ti sí aláṣẹ, kò sóhun tó ń jẹ́ òdodo tàbí àìṣòdodo. Ralph Cudworth, ọ̀mọ̀wé Cambridge, dá a lóhùn pé bó bá jẹ́ àṣẹ ló ń sọ nǹkan di ẹ̀tọ́, kí ló wá sọ ìgbọràn sí àṣẹ di ẹ̀tọ́? Èsì yìí le gan-an, ṣùgbọ́n Cudworth ti kú láti 1688 kí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà tó jáde ní 1731.

Kí wá la fi ń rí òtítọ́ tí aláṣẹ kankan ò dá sílẹ̀? Francis Hutcheson ní 1725 sọ pé ìmọ̀lára kan tó wà nínú wa ni. Richard Price kọ̀ jálẹ̀ ní 1758, torí pé bí ẹ̀dá wa bá yàtọ̀, tí ìkà ń dùn mọ́ wa, ìkà á di rere nìyẹn. Ó ní òye gan-an ló ń rí i, bó ṣe ń rí òtítọ́ ìṣirò.

Ṣùgbọ́n bí ohun tí ojú inú tèmi rí bá tako tìrẹ ńkọ́? Ibẹ̀ ni Henry Sidgwick ti ṣe bẹbẹ ní 1874. Ìdánwò mẹ́rin ló là sílẹ̀: kí ọ̀rọ̀ náà yéni yékéyéké, kó ṣì dúró lẹ́yìn àròjinlẹ̀, kó má tako òtítọ́ mìíràn tá a gbà, kí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ má sì yapa lórí rẹ̀. Ó wá gbé òfin "mú ìlérí ṣẹ" sórí òṣùwọ̀n. Èyí tí wọ́n fi ipá tàbí ẹ̀tàn gbà ńkọ́? Bí mímú un ṣẹ yóò bá pa ẹni tá a ṣe é fún lára ńkọ́? Ibẹ̀ ni kálukú ti ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, òfin náà sì kùnà. Díẹ̀ ló là á já, irú bíi pé ire ẹnì kan ò wúwo ju ti ẹlòmíì lọ.

G. E. Moore tẹ̀ lé e ní 1903, H. A. Prichard ní 1912, àmọ́ W. D. Ross ló tún èrò nípa ojú inú yìí tò ní 1930. Ká ní o ti ṣàdéhùn láti pàdé ẹnì kan, o wá bá àwọn tí jàǹbá ṣe lójú ọ̀nà. Ross ní ojúṣe ni méjèèjì. Bó o bá dúró gbà wọ́n, o ṣe ohun tó tọ́, síbẹ̀ àdéhùn tó o yẹ̀ ò parẹ́: ó yẹ kó o wá nǹkan fi tu ẹni yẹn nínú. Ohun tó dá wa lójú ni pé àdéhùn ń deni, àti pé ìrànlọ́wọ́ yẹ; èyí tó wúwo jù lónìí, èrò tó ṣeé ṣe kó tọ̀nà lásán ni. Ìyàtọ̀ yìí gan-an làwọn alátakò kì í sábà rí.

A. J. Ayer fọwọ́ rọ́ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ní 1936: gbólóhùn nípa ìwà kì í ṣe òtítọ́ tàbí irọ́, bó ṣe ń ṣe wá nìkan ló ń fi hàn. J. L. Mackie fi tirẹ̀ kún un ní 1977, pé irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ á jẹ́ ohun àjèjì pátápátá láyé yìí. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Robert Audi ní 2004 àti Michael Huemer ní 2005 ló jí i dìde. Audi ní bí yíyé tí òtítọ́ kan yéni bá tiẹ̀ tó láti mú ká gbà á láìsí ẹ̀rí mìíràn, ó lè pẹ́ kó tó yéni, nítorí náà àìfohùnṣọ̀kan nìkan ò lè wó o. Àtakò tó le jù báyìí wá láti ibòmíì: ìwádìí tí Eric Schwitzgebel àti Fiery Cushman gbé jáde ní 2012 fi hàn pé ìdájọ́ àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì pàápàá ń yí padà bí wọ́n bá kàn yí èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e padà nínú àwọn ọ̀ràn kan náà tí wọ́n gbé síwájú wọn.