Bí Ẹ̀sùn Lórí Ẹ̀rọ Ìkàwé Tó Bàjẹ́ Ṣe Ń Rìn

Bí ẹ̀rọ ìkàwé bíi Kindle tàbí Kobo, ìyẹn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a fi ń ka ìwé tí kì í ṣe ti bébà, bá bàjẹ́, ojú rẹ̀ ló ti sábà máa ń hàn: ìlà kan lè là á já láti òkè dé ìsàlẹ̀, tàbí kí ojú ìwé àtijọ́ kan lẹ̀ mọ́ apá kan rẹ̀ nígbà tí apá yòókù ṣì ń ṣí ìwé bó ti yẹ. Lójú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà, ìbéèrè kan ló ṣe pàtàkì jù: ṣé láti ilé iṣẹ́ ni àbùkù náà ti wá, àbí lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó?

Ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn. Àwọn àpò róbótó tín-ín-tìn-ìn-tín ló wà nínú ojú ẹ̀rọ náà, ẹ̀rún funfun àti ẹ̀rún dúdú sì wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Iná ló ń fa ọ̀kan wá sókè tó ń ti èkejì lọ sísàlẹ̀, bí wọ́n bá sì ti dúró, wọn kò nílò iná mọ́. Ìdí nìyí tí àwòrán fi máa ń wà lójú ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ ti kú pátápátá. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lẹ́yìn àwọn àpò yìí, ó sì lè sán nígbà tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́ nínú báàgì, síbẹ̀ kí iwájú rẹ̀ máa dán gbinrin. Oníbàárà á ní òun kò jù ú sílẹ̀ rí, òótọ́ ló sì ń sọ. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó bá rí ìlà tó ya káàkiri láti ojú kan ṣoṣo yóò gbà pé nǹkan ló tẹ̀ ẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó máa dáhùn kò ní àṣẹ púpọ̀. Ìlànà tí wọ́n kọ fún un ló ń tẹ̀ lé. Á ní kí wọ́n sáàjì ẹ̀rọ náà, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ (lórí Kindle, fún ìṣẹ́jú àáyá 40), kí wọ́n sì pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Kò yẹ kí èyí bí ẹnikẹ́ni nínú, nítorí ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti dán wọn wò kó tó lè gbé ẹ̀sùn náà síwájú. Ìwé ẹ̀sùn tó bá ti sọ ọjọ́ tí wọ́n rà á, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ti gbìyànjú, pẹ̀lú àwòrán tó hàn kedere, máa ń dín ìbéèrè kù gan-an. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ohun orí ẹ̀rọ náà rẹ́, ìwé kíkà tí wọ́n rà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà yóò padà wá láti inú àkáǹtì, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi wáyà kó wọlé láti ara kọ̀ǹpútà yóò lọ ráúráú, nítorí náà kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn ná.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù ẹ̀tọ́ wọn ni gbólóhùn náà pé wáráńtì ti parí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wáráńtì ilé iṣẹ́ yàtọ̀ sí òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015, ẹni tó ta ọjà ni òfin yìí sì dì mú. Láàárín 30 ọjọ́ àkọ́kọ́, olùrà lè dá ọjà tó lábùkù padà kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àtúnṣe tàbí pàṣípààrọ̀ ló kàn, bí ìyẹn kò bá sì yanjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè béèrè owó padà. Lórí àtúnṣe, pàṣípààrọ̀ àti owó tó tẹ̀ lé wọn yìí, títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé, olùtajà ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò sí àbùkù nígbà tó tà á; lẹ́yìn ìgbà náà, olùrà ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé àbùkù ti wà tẹ́lẹ̀, ó sì ní àyè títí dé ọdún mẹ́fà láti lọ sílé ẹjọ́.

Ẹni tó rà á ní Lọ́ńdọ̀nù tó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣì ni olùrà lójú òfin. Òun ló yẹ kó tọ́jú rìsíìtì, kó sì fi ẹ̀sùn náà sùn fúnra rẹ̀, kí ìyá náà fi àwòrán àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sí i. Bí wọ́n bá sì gbà láti pààrọ̀ ẹ̀rọ náà, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àkáǹtì kí wọ́n tó dá a padà, kó sì dé láàárín àkókò tí wọ́n dá, kí ilé iṣẹ́ má bàa gba owó ẹ̀rọ tuntun náà lọ́wọ́ olùrà.